Soundbar tí ìyáàlù lè fọhùn nínú rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, aago 8 alẹ́)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ etí ni mo gbé wá. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n wa, oní-íǹṣì 43, mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú garawa. Àwọn ọmọ mi dá ₦350,000 jọ, wọ́n ní kí n fi ra soundbar, àpótí ohùn gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù kò jẹ mí lógún. Orin ni mo fẹ́ máa fi gbọ́: àpàlà, jùjú àtijọ́, àti orin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa tí a fúnra wa gbà sílẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mo gbọ́ irú rẹ̀ nílé àna mi ní oṣù tó kọjá. Wọ́n tan orin jùjú kan tí mo ti mọ̀ láti ìgbà èwe mi. Ilé mì tìtì, ife orí tábìlì ń gbọ̀n, inú gbogbo ènìyàn sì ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí onílù ti ń fi ìyáàlù ki olóde, n kò gbọ́ ohun tí ìlù náà wí. Mo gbọ́ pé wọ́n ń lù ú. N kò gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ gbólóhùn náà ketekete lórí rédíò kékeré tí mo ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kí ló dé tí àpótí olówó gọbọi yóò máa pa ìlù lẹ́nu mọ́? Yàrá ìgbàlejò wa gùn tó mítà 5, ó fẹ̀ tó mítà 4, táìlì ni ilẹ̀ rẹ̀, àga mi sì jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n ní ìwọ̀n mítà 3. Kí ni kí n wò kí n tó náwó?

Ọmọ Ọlọ́jà, Èkó

Ẹ káalẹ́ sà. Títa ohun èlò ohùn ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ẹnu ọlọ́jà ni ẹ ti ń gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ni òǹkà wáàtì tó wà lára páálí. Ẹ ó rí àpótí tí wọ́n kọ wáàtì 5,000 PMPO sí gàdàgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i padà tí ẹ ka bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé wáàtì 60 péré ló ń jẹ nínú iná. Ẹni tó jẹ 60, níbo ni yóò ti rí 5,000 tí yóò máa pọ̀? Òǹkà tó nítumọ̀ díẹ̀ ni èyí tí wọ́n bá kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ìyẹn ń sọ agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé títí, kì í ṣe èyí tó fò sókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ ó tún rí nọ́ńbà bíi 2.0, 2.1, 3.1 tàbí 5.1.2. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde ní ọ̀gangan etí, èkejì ń sọ bóyá wúfà, àpótí tó ń gbé ohùn tó wúwo jáde, wà níbẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni ti àwọn sípíkà tó kọjú sí àjà. Orin tí ẹ dárúkọ yẹn, òsì àti ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, àwọn tó sì ti pẹ́ gan-an jẹ́ ojú kan ṣoṣo. Ohun tó kọjá 2.1, owó fíìmù ni ẹ ń san. Ẹ ra 2.1 tí wúfà rẹ̀ dá dúró, ìyókù owó yóò ra stabilizer.

Àkànní Onísípíkà, Òṣogbo

Mo kí yín, Bàbá. Mo kí Ọmọ Ọlọ́jà náà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ra soundbar rárá bí orin bá jẹ́ olórí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan. Ọ̀pọ̀ soundbar kò gùn ju nǹkan bíi sáńtímítà 90 lọ. Ẹni tó bá jókòó sí mítà 3, igun tó wà láàárín ìkángun òsì àti ìkángun ọ̀tún lójú rẹ̀ kò ju dígírì 17 lọ. Bí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ bá ń to ohùn, nǹkan bíi dígírì 60 ni wọ́n ń fọkàn sí, ìyẹn ni pé kí sípíkà méjèèjì jìnnà síra wọn tó bí olùgbọ́ ṣe jìnnà sí wọn. Gìtá tí wọ́n fi sí òsì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi sí ọ̀tún, àti olórin tó dúró láàárín, gbogbo wọn á wá fún mọ́ra bí èrò inú dáńfó. Sípíkà méjì tí ẹ̀rọ agbóhùnga wà nínú wọn, tí wọ́n ń jẹ iná fúnra wọn, yóò gba owó kan náà lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní ojú HDMI tàbí ti optical báyìí, nítorí náà ẹ lè so wọ́n mọ́ tẹlifíṣọ̀n bíi soundbar gan-an.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ọ̀gbẹ́ni Àkànní, ìṣirò yín dára, àmọ́ ó jọ pé kò sí ọmọdé nínú ilé yín. Irú sípíkà méjì bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi rà. Láàárín oṣù mẹ́ta, Táyé ti fi ìka tẹ òkòtó ọ̀kan, ojú roboto tó ń mì nínú sípíkà, wọlé, Kẹ́hìndé sì ti fa wáyà ti èkejì títí tó fi ṣubú. Soundbar oní-2.0 tí kò ní wúfà ni a wá kàn mọ́ ògiri, ọwọ́ wọn kò sì tó o di òní.

Ẹ̀kọ́ kan tí mo rí kọ́ nìyí: inú pẹpẹ kọ́bọ́ọ̀dù ni a kọ́kọ́ gbé e sí, ohùn náà sì dà bí ti ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Kí n tó dá olùtajà lẹ́bi, mo fà á síwájú títí ojú rẹ̀ fi bá etí pẹpẹ dọ́gba. Ó yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má fi ohunkóhun dí i níwájú, ẹ má sì jẹ́ kí ó rì sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Olóhùn Ìjọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Alàgbà, ìbéèrè yín gan-an kò tíì rí ìdáhùn: kí ló dé tí ìyáàlù kò fọhùn? Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn nínú ìjọ wa, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ mi rí nítorí pé àwọn onílù wa bínú.

Ohun tí ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, àti bí ohùn ṣe ń yọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì nígbà tí onílù bá fún ọ̀ṣán mọ́ra. Igbá, igba, ìgbà àti igbà: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá ti yí ìwọ̀n ohùn ìsàlẹ̀ sí ti òkè padà, etí á gbọ́ ariwo, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo bí soundbar tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn òkòtó inú rẹ̀ kéré, òmíràn kò ju sáńtímítà 5 lọ ní fífẹ̀, wọn kò sì lè ti afẹ́fẹ́ tó fún ohùn tó wúwo. Nítorí náà ni àwọn tó ṣe é fi pín iṣẹ́: ohun tó bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, wúfà ni kó gbà á. Nínú ẹ̀rọ tó dára, ààlà yẹn kò jìnnà sí Hz 80 (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), níbi tí etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Nínú àwọn tí òkòtó wọn kéré jù, ààlà náà á gòkè dé Hz 150 tàbí 200. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wà láàárín nǹkan bíi Hz 85 sí 180, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ohùn ènìyàn náà ni ìyáàlù ń gbé. Ẹ ò rí i bí? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìlù ń sọ, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ń ti abẹ́ tẹlifíṣọ̀n jáde ní tín-ín-rín, ìdajì ń ti kọ̀rọ̀ yàrá jáde ní ràbàtà. Ẹnu kan ti di ẹnu méjì. Rédíò yín kò ní béèsì rárá, òkòtó kan ṣoṣo ló ní, ìdí nìyẹn tí ìlù fi ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí àpótí àna yín máà burú. Wọ́n sábà máa ń gbé agbára wúfà sókè láti ilé iṣẹ́, kí ó lè jẹ́ òun ni yóò dá èrò dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Woofer tàbí Bass sí, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rò pé kò sí mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sókè ní ẹyọ kan. Ẹ gbé wúfà fúnra rẹ̀ kúrò ní kọ̀rọ̀, kí ó wà níwájú, kò gbọdọ̀ ju mítà kan lọ sí soundbar.

Ẹ tún pa gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní Surround, 3D tàbí Movie. Orin ojú kan ṣoṣo ti ayé àtijọ́, àárín ló yẹ kó dúró sí, ṣùgbọ́n àwọn bọ́tìnnì yẹn á fẹ́ ẹ káàkiri bí ẹ̀fúùfù ṣe ń fẹ́ èlùbọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Night Mode náà, ẹ pa á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ohun tó rọlẹ̀ sókè kí ó sì rẹ ohun tó ga sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ láàárín líle àti ẹ̀rọ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìlù dùn. Ẹ má ra èyí tí ẹ kò bá lè pa àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí rẹ̀.

Wálé, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣé, Olóhùn Ìjọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wúfà báyìí rí.

Mo fẹ́ fi ọ̀nà tí orin ń gbà wọlé kún un. Bí ẹ bá fi Bluetooth rán orin láti orí fóònù, fóònù náà á tún un fún pọ̀ kí ó tó rán an, bí ẹni tó ń ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ló mọ ọ̀nà ìkáṣọ tí wọ́n ń pè ní SBC. Àwọn kan mọ AAC. Àwọn kan mọ LDAC, tó lè gbé tó kilobit 990 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù àti soundbar gbọ́dọ̀ jọ mọ ọ̀nà kan náà kí ó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí soundbar bá ní Wi-Fi, pẹ̀lú ohun bíi Spotify Connect, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ gbé orin wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì; fóònù kàn ń pàṣẹ ni. Ìpè kò ní dá orin dúró, ẹ sì lè gbé fóònù jáde kúrò nílé. Kí ẹ sì béèrè dáadáa, nítorí pé olówó gọbọi kọ́ ni oní-gbogbo-nǹkan: Sonos Beam ìran kejì, tí mo ń lò, ní Wi-Fi ṣùgbọ́n kò ní Bluetooth rárá.

Tèmi ni pé kí Bàbá má ra èyí tí kò ní Wi-Fi.

Ọmọ Ọlọ́jà, Èkó

Ẹ̀gbọ́n Wálé, Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ wà. Níbí, bí iná bá lọ, Wi-Fi ilé á bá a lọ, dátà tí a sì ń rà kì í ṣe omi òjò. Ohun tí àwọn àgbà tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń lò jù ni fíláàṣì tí wọ́n ti kó orin sí. Nítorí náà, Bàbá, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí bóyá ojú USB wà níbẹ̀, ẹ sì fi fíláàṣì tiyín dán an wò kí ẹ tó sanwó. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ojú USB tó wà lára àwọn soundbar kan kò wà fún orin. Àwọn tó ń tún un ṣe ló wà fún. Òmíràn sì ń kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n MP3 nìkan ló mọ̀ ọ́n kà, bí ẹ bá gbé FLAC, irú fáìlì orin mìíràn, sí i, á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò mọ̀.

Olóhùn Ìjọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ojú ọ̀nà, ẹ kò tíì béèrè irú ẹrù tó fẹ́ gbà á. Bó bá jẹ́ orin tí wọ́n ti fún pọ̀ jù ni Alàgbà ní, kò sí Wi-Fi tó lè dá ohun tó ti sọnù nínú rẹ̀ padà. Alàgbà, ẹ wá èyí tó dára jù nínú orin yín, kí ẹ wá èyí tí ẹnì kan yọ láti orí àwo gan-an tàbí tí ẹ rà, òun ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò. Ẹ̀rọ kò níí jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ fáìlì.

Àbíkẹ́, Houston

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ sọ èyí nítorí pé mo ti sọ owó nù sí i, bóyá ẹnì kan nínú àwọn ọmọ Bàbá lè fẹ́ ra á níbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé.

Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì (V) 120, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Nígbà tí mo ra soundbar fún ìyá mi, mo fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára agbánáwọlé rẹ̀: INPUT 100-240V. Ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí n kò wò ni wúfà. Nítorí pé wọ́n ní kò nílò wáyà, mo rò pé ọ̀dọ̀ soundbar ló ti ń gba iná. Ohùn nìkan ni kò fi wáyà gbà o. Ó ní okùn iná tirẹ̀, wọ́n sì kọ 120V sí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò mi so ó mọ́ iná ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí èéfín fi yọ. Soundbar ṣì ń ṣiṣẹ́ di òní, ṣùgbọ́n láìsí wúfà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, nítorí wọn kò ṣe é kó lè dá dúró. Ẹ ka bébà ẹ̀yìn àpótí méjèèjì.

Dàmọ́lá Fújì, Ìkòròdú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí, ẹ̀ ń fi soundbar wé rédíò! Fújì tí kò bá gbá àyà, fújì kọ́ nìyẹn. Èmi á ní kí Bàbá dúró díẹ̀ kí wọ́n fi owó kún owó, kí wọ́n ra 5.1.2 tó ní Dolby Atmos. Wọ́n ti ń gbé orin jáde ní Atmos báyìí, ohùn á máa bọ̀ láti orí àjà. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ eARC, nítorí pé ARC lásán, ọ̀nà àtijọ́ tí ohùn ń gbà láti tẹlifíṣọ̀n bọ́ sínú soundbar lórí okùn HDMI, máa ń ba orin jẹ́.

Àkànní Onísípíkà, Òṣogbo

Àbúrò mi Dàmọ́lá, ẹ jẹ́ kí n tún ìkẹyìn ṣe kí ó má baà ná Bàbá lówó. ARC lásán ń gbé ohùn òsì àti ọ̀tún kọjá láìfún un pọ̀ rárá. Orin olójú méjì kò ní ohunkóhun tí yóò pàdánù lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni okùn optical. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ohùn olójú púpọ̀ kọjá láìfún un pọ̀ ni eARC wúlò fún.

Ní ti Atmos, òótọ́ ni pé Apple Music, Tidal àti Amazon Music ní orin tí wọ́n tò báyìí. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sí stúdíò kí ó tò ó. Àpàlà tí wọ́n fi máíkì díẹ̀ gbà sílẹ̀, ta ni yóò mú agídìgbo inú rẹ̀ gorí àjà? Ẹ̀rọ á kàn máa méfò ni.

Mo ṣì di ọ̀rọ̀ sípíkà méjì mi mú o. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ẹni tó mọ ilé rẹ̀ ló mọ ibi tí òjò ti ń jò.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mo ti gba ti Ìyá Ìbejì. Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láàárín ariwo ọjà, kí ni kí n tẹ́tí sí gan-an?

Olóhùn Ìjọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ mú orin kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ dunjú, ẹ fi dán gbogbo àpótí wò, kí ohùn wọn jẹ́ bákan náà ní líle. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí èyí tó bá le díẹ̀ ju èkejì lọ ni etí máa ń rò pé ó dára jù, àwọn kan lára àwọn olùtajà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí ṣaworo tó wà létí ìyáàlù. Ó yẹ kí ó dún ṣìnṣìn, kí ẹ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dúró. Bí ó bá ń dún ṣẹẹẹ bí ẹni ń dín àkàrà, ohùn òkè àpótí náà kò mọ́. Ẹ gbọ́ gúdúgúdú: awọ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má da pọ̀ di ọ̀kan. Ní ti agídìgbo, ẹ wò ó bóyá irin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Wúfà tí kò dára máa ń sọ gbogbo wọn di gbìì kan náà. Ẹ wá gbọ́ ìyáàlù kẹ́yìn, ẹ sì sọ fún ara yín ohun tó wí. Bí ẹ bá ní láti méfò, ẹ gbé e sílẹ̀.

Kí ẹ tún mọ̀ pé ohun tí ẹ bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ẹ ó gbọ́ nílé. Ẹ dúró láàárín yàrá yín, ẹ pa àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń dún tẹ̀lé ara rẹ̀, táìlì àti ògiri ló ń dá ohùn padà, yóò sì ṣe ìlù bẹ́ẹ̀. Rọ́ọ̀gì kan láàárín tẹlifíṣọ̀n àti àga yín, pẹ̀lú kọ́tìnì tó nípọn, á ṣe ohun tí ₦100,000 kò lè ṣe lára soundbar.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ mú rìsíìtì dání, Bàbá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sí i. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí, ṣọ́ọ̀bù náà sì ní àwọn kò mọ̀ wá rí.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn (Ọjọ́ Àìkú, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìsinmi. Mo ti lọ, mo ti dé.

Àpótí mẹ́ta ni mo gbọ́. Èkíní ni èyí tí ọmọkùnrin tó ń tajà fẹ́ràn jù, ọ̀wọ́n sì ni. Kí n tó sọ pé orin tèmi ni mo fẹ́, ó ti tan ti fíìmù tí ọkọ̀ òfuurufú ń já lulẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi fíláàṣì mi sí i, kò kà á. Ọ̀rọ̀ USB tí Ọmọ Ọlọ́jà sọ nìyẹn. Èkejì kà á, ohùn olórin sì dára, ṣùgbọ́n ṣaworo ń dín àkàrà gan-an bí Olóhùn Ìjọ ṣe wí, ó sì yà mí lẹ́nu pé bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí, n kò lè dẹ́kun àtimáa gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀kẹta jẹ́ 2.1, òun ni owó rẹ̀ kéré jù, kò ju ₦240,000 lọ. Ní àkọ́kọ́ ìlù rẹ̀ náà kò sọ̀rọ̀. Mo ní kí ọmọkùnrin náà fún mi ní rìmóòtù, mo pa Surround, mo sì ń rẹ wúfà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń ba á jẹ́ o." Nígbà tí ó dé ìdínkù 4, ìyáàlù fọhùn. Kì í ṣe pé ó pariwo. Ó kàn ki ọkùnrin náà láti orí bàbá rẹ̀ dé orí bàbá ńlá rẹ̀, n kò sì pàdánù ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan tó wá ra áyọ́ọ̀nù dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun tí ìlù náà wí síta. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀, mo sì ka bébà ẹ̀yìn àpótí méjèèjì nítorí Àbíkẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ilé ni.

Nílé, mo pa àtẹ́wọ́, ògiri sì dá mi lóhùn. Ìyàwó mi yọ̀ǹda rọ́ọ̀gì yàrá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí n tó lọ ra tèmi. Wúfà wà lápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, kò tó mítà kan sí i. Ọ̀gbẹ́ni Àkànní, òótọ́ lẹ sọ pé ohùn fún mọ́ra, nítorí náà mo ti fa àga mi súnmọ́ ọn dé mítà 2, ó sì tú ká díẹ̀. Orin ẹgbẹ́ akọrin wa nìkan ni kò dára, ẹ̀bi náà sì jẹ́ tiwa, fóònù ni a fi gbà á sílẹ̀ láti ẹ̀yìn pílà.

Láti àná, ọmọ-ọmọ mi àgbà ti gbé wúfà padà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kó rìmóòtù sínú àpò agbádá mi.